Gberefu ní Àgbádárìgì: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Rin Ọ̀nà Àrèmabọ̀

Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ ti kọrí sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó nà gbọọrọ sí àárín omi méjì. Ọ̀sà Àgbádárìgì wà ní apá àríwá rẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní apá gúúsù rẹ̀, kì í dákẹ́ tọ̀sán-tòru. Gberefu ni orúkọ ilẹ̀ náà. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, igi àgbọn ló sì bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní etí òkun náà ní òwúrọ̀ yóò rí ojú omi tí kò lópin, yóò rí àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n wálẹ̀, atẹ́gùn tútù yóò sì máa fẹ́ sí i lára. Ibẹ̀ lẹ́wà púpọ̀.

Ibẹ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ baba wọn kẹ́yìn. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún títí wọ inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àgbádárìgì wà lára àwọn ìlú etí omi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ sí òkè òkun. Etí òkun Gberefu yìí ni wọ́n ti ń kó wọn sínú ọkọ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Point of No Return, èyí tí àwa lè pè ní Ojú Àrèmabọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará ìpínlẹ̀ yìí ló ti gbọ́ orúkọ Àgbádárìgì láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ tí a kò tíì débẹ̀ rí. Àwọn mìíràn débẹ̀, wọ́n sáré kọjá lọ sí etí òkun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà sílé. Ìmọ̀ràn wa nínú ìtọ́sọ́nà yìí ni pé kí àlejò má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun. Bí a bá gba ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbà, láti inú ìlú dé ọ̀sà, láti ọ̀sà dé orí iyanrìn, láti orí iyanrìn dé òkun, ohun tí ojú yóò rí ní ìparí yóò yàtọ̀ pátápátá.

Ìdí tí kò fi sí odi òkúta níbẹ̀

Àwọn àlejò a máa béèrè pé níbo ni odi tí àwọn òyìnbó kọ́ sí Àgbádárìgì wà. Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ohun tí wọ́n rí ní orílẹ̀-èdè Gánà ni wọ́n ń rò. Ní Elmina, àwọn Potogí kọ́ odi òkúta ní 1482 sórí ilẹ̀ olókùúta tó yọ sínú òkun, odi Cape Coast náà kò sì jìnnà sí i. Òkúta wà níbẹ̀ tí a lè fi ṣe ìpìlẹ̀ àti ògiri, ẹni tó bá wà lórí odi sì lè máa ṣọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Etí òkun tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin títí dé Àgbádárìgì, iyanrìn ni. Kò sí àpáta, kò sì sí ibi tí ọkọ̀ ńlá lè sún mọ́ ilẹ̀. Ìgbì a máa yí lu ìgbì ní ẹsẹẹsẹ kí ó tó fọ́ sórí iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òyìnbó ní láti dúró lójú agbami, kí àwọn atukọ̀ tó mọ àṣírí ìgbì sì fi ọkọ̀ kéékèèké gbé ẹrù àti ènìyàn lọ bá a. Ní Ouidah pàápàá, inú ìlú ni àwọn òyìnbó kọ́ odi wọn sí, ní ìwọ̀n kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí òkun. Odi àwọn Potogí tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní 1721 ṣì wà títí di òní.

Nítorí náà, ohun tó ṣẹ́ kù ní Àgbádárìgì kì í ṣe odi gàgàrà. Yàrá tóóró ni, kànga ni, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti dípẹtà ni, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ lórí iyanrìn. Ọ̀sà gan-an ló ṣe iṣẹ́ odi. Ó ya ìlú kúrò lọ́dọ̀ òkun, ó sì jẹ́ kí àwọn ìjòyè àti oníṣòwò inú ìlú máa darí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ẹni tí wọ́n bá ti gbé kọjá ọ̀sà náà kò sì ní ibi tí yóò sá sí mọ́. Omi wà níwájú rẹ̀, omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kí ó tó wọ ọkọ̀ ni ìrìn náà yóò yé.

Bí a ṣe ń débẹ̀

Ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Erékùṣù Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line láti Marina dé Mile 2, kí ó sì wọ mọ́tò níbẹ̀ lọ sí Àgbádárìgì. Káàdì Cowry ni a fi ń sanwó ọkọ̀ ojú irin náà, nítorí náà kí a ti fi owó sí i kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ yóò gba Òkokomáíkò àti Agbára kọjá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ a máa wà lójú ọ̀nà yìí, nítorí náà ó dára kí a kúrò nílé ní ìdájí. Ẹni tó bá dé Àgbádárìgì kí oòrùn tó mú ni yóò rí àyè rìn dáadáa.

Nítorí pé ọ̀nà yìí ló lọ sí ẹnubodè, àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè àti ọlọ́pàá a máa yẹ ọkọ̀ wò. Kí olúkúlùkù mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kí awakọ̀ sì mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀.

Àkókò tó dára jù fún ìrìn yìí ni láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, nígbà tí òjò kò pọ̀. Ní àkókò òjò, àgàgà ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ọ̀nà a máa bàjẹ́, ọ̀sà a máa kún, òkun a sì máa ru ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Inú ìlú lákọ̀ọ́kọ́

Àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ègùn, ni wọ́n pọ̀ jù ní Àgbádárìgì. Èdè wọn ló so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn ará Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀sà kan náà ni wọ́n sì jọ ń tù. Wọ́n ń gbé pọ̀ pẹ̀lú àwọn Àwórì àti àwọn Yorùbá mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni èdè méjèèjì ń lọ lẹ́nu gbogbo ènìyàn nínú ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn yóò rántí pẹ̀lú pé Àgbádárìgì ni Clapperton gúnlẹ̀ sí ní 1825, àti pé ibẹ̀ náà ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ ti gbéra ní 1830 láti lọ wá ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun.

Ibi mẹ́rin ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dé kí a tó sọ̀kalẹ̀ sí èbúté.

Èkíní ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Àgbádárìgì, tó wà nínú ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọ́fíìsì nígbà àtijọ́. Ibẹ̀ ló dára láti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n to ìtàn náà ní ẹsẹẹsẹ, láti ìgbà tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú dé ìgbà tí òwò náà parí. A lè bá àwọn amọ̀nà pàdé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìkejì ni Vlekete, níbi tí wọ́n ti ń ná ẹrú bí ẹni ná ẹran. Orúkọ òrìṣà kan ni ọjà náà ń jẹ́, ojúbọ rẹ̀ sì wà ní tòsí. Kò sí ohun púpọ̀ láti wò níbẹ̀ ju ilẹ̀ àti àwọn ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìrántí. Kí a dúró díẹ̀ síbẹ̀, kí a ronú pé lórí ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń ya ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá.

Ẹ̀kẹta ni ilé ìdílé Mobee. Ìdílé yìí tọ́jú àwọn irin tí wọ́n fi ń de ènìyàn, àwọn èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ àti ọrùn, títí kan èyí tí wọ́n fi ń ti ẹnu. Wọ́n a máa jẹ́ kí àlejò gbé díẹ̀ lára wọn wò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbé e. Ẹni tí ó ti gbé irin náà lé ọwọ́ rí kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹrú ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni àgbàlá Ṣẹ́ríkí Williams Abass, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Brazilian Barracoon. Yàrá tóóró tí fèrèsé rẹ̀ kéré púpọ̀ ni wọ́n fi ń há ènìyàn mọ́ níbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dé. Àwọn amọ̀nà ibẹ̀ sọ pé ogójì yàrá ló wà nígbà náà, àti pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń kó sínú yàrá kan. Wọ́n a tún máa fi agbòòrùn kan han àlejò, wọ́n a sì sọ pé ogójì ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ irú rẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá wọ inú yàrá náà, kí a ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan bí amọ̀nà bá gbà wá láàyè. Ìṣẹ́jú kan náà á tó.

Àwọn ilé ìdílé ni ìkẹta àti ìkẹrin, àwọn ọmọ onílé ṣì ń gbé inú àgbàlá wọn. Kí a béèrè iye owó ìwọlé kí a tó wọlé, kí a mú owó díẹ̀ lọ́wọ́, kí a sì kí àwọn àgbà tí a bá bá nílé gẹ́gẹ́ bí àṣà wa.

Àwọn méjì tó padà bọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlọ rámirámi ni à ń rí, a kì í rí àbọ̀ rámirámi. Síbẹ̀, ìtàn àwọn méjì tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n sì padà wálé wà ní Àgbádárìgì, ó sì yẹ kí àlejò gbé wọn yẹ̀ wò pọ̀.

Ọ̀kan ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n tà á láti ọwọ́ ẹnì kan sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó sì di ẹni ìjọ. Nígbà tí ó padà wá ní 1845, Àgbádárìgì ló gúnlẹ̀ sí. Ó dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà tó ṣí fún un láti lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn oníwàásù CMS parí ní 1845, ṣì dúró létí ọ̀sà, ó kọjú sí Gberefu. Ẹni tó bá wo ìta láti ojú fèrèsé òkè rẹ̀ yóò rí omi tí àwọn ẹrú gbà kọjá. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni òkúta ìrántí igi Agia wà, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kírísítì ní ìlú náà ní 1842. Igi náà fúnra rẹ̀ wó ní 1959.

Ẹnì kejì ni Ṣẹ́ríkí Abass tí a dárúkọ àgbàlá rẹ̀ lókè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọmọ Ìjọ̀gá ni, pé wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, pé ó dé Bùràsíìlì, ó kọ́ èdè àwọn òyìnbó, ó sì padà wá sí etí òkun yìí. Ẹni tí wọ́n tà rí wá di ẹni tó ń tà. Lẹ́yìn náà ó di aláṣẹ ńlá lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú ní 1919. Ibojì rẹ̀ wà nínú àgbàlá náà.

A kò sọ èyí láti fi bú òkú, tàbí láti fi tàbùkù ìdílé kankan. Àwọn ọmọ onílé fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì ń sọ ìtàn náà fún gbogbo ayé, ìgboyà ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ṣe òwò yìí. Ogun tí a bá ara wa jà ló kó ènìyàn jọ, ọjà tiwa ni wọ́n ti ná wọn, àwọn atukọ̀ tiwa ló sì gbé wọn kọjá ọ̀sà. Nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1807 ka òwò náà léèwọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn, kò tán ní etí òkun wa. Ó ṣì ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nítorí pé àwọn kan níhà ìhín àti níhà ọ̀hún ṣì ń jẹ èrè rẹ̀.

Kíkọjá ọ̀sà

Èbúté tó kọjú sí Gberefu wà ní Marina Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ó ń gbé ènìyàn kọjá, ìrìn náà kò sì pẹ́. Kí a dá iye owó àlọ àti àbọ̀ kí a tó wọ ọkọ̀, kí a sì bá awakọ̀ sọ wákàtí tí yóò padà wá gbé wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ìdáàbòbò ojú omi, ìbáà ṣe ọmọdé, ìbáà ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kí a di okùn rẹ̀ dáadáa. Kí a má ṣe gbé e lé itan nìkan. Bí ẹ̀wù náà kò bá tó iye àwọn èrò, kí a dúró de ọkọ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ bá kún jù, tàbí bí ìjì bá ń ṣú bọ̀, kí a má ṣe tijú láti sọ̀kalẹ̀. Ó sì yẹ kí gbogbo ènìyàn ti padà sí ìlú kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé ìrìn-àjò lójú omi ní alẹ́ léwu púpọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dé àárín ọ̀sà, kí a bojú wẹ̀yìn wo ìlú. Ohun tí àwọn ẹrú rí kẹ́yìn nínú ayé tí wọ́n mọ̀ nìyẹn: òrùlé, èéfín ààrò, àti igi tó bo bèbè omi.

Lórí iyanrìn Gberefu

Láti ibi tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí, ẹsẹ̀ ni a ó fi rìn dé òkun, láàárín igi àgbọn àti igbó kéékèèké. Iyanrìn a máa fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, oòrùn a sì máa mú, nítorí náà ìrìn náà a máa pẹ́ ju bí ojú ṣe wò ó lọ. Kí a wọ bàtà tó dúró lẹ́sẹ̀, kí a dé fìlà, kí a mú omi tó pọ̀ tó lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, tàbí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, kí ó béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà bóyá alùpùpù wà tó lè gbé e.

Ní ojú ọ̀nà yìí ni kànga kan wà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé wọ́n ń fi ipá mú àwọn ẹrú mu omi inú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n má baà lágbára láti jà mọ́. Bóyá omi náà lágbára bẹ́ẹ̀ tàbí kò lágbára, ohun kan hàn gbangba nínú ìtàn náà. Àwọn tó ń ta ènìyàn mọ̀ pé ìrántí lè di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dè, nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ pa á kí wọ́n tó dé etí òkun. Ìdí nìyẹn tí ìbẹ̀wò ẹni tó ń bọ̀ lónìí fi níye lórí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn yẹn gbàgbé ni àwa wá rántí.

Ní òpin ọ̀nà náà ni òpó méjì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìrántí wà, wọ́n kọjú sí òkun. Láàárín òpó méjèèjì, kò sí ohun tí ojú ń rí ju omi àti òfuurufú lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dákẹ́. Àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì àti àwọn erékùṣù Kàríbíánì wá, àwọn mìíràn nínú wọn a máa sunkún níbẹ̀, nítorí wọn kò mọ orúkọ ìlú tí a ti kó baba ńlá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé irú ọ̀nà báyìí ni ó gbà kọjá. Bí a bá pàdé wọn, kí a má ṣe dà wọ́n láàmú. Kí a kí wọn káàbọ̀ sílé. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n rìn láti òkè òkun wá gbọ́.

Òkun yìí kì í ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́

Ìgbì tó dá ọkọ̀ òyìnbó dúró lójú agbami nígbà náà ṣì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ omi náà a máa jìn lójijì, ìṣàn kan sì wà tó ń fa ènìyàn láti etí ilẹ̀ lọ sí ojú òkun láìfura. Kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe fi ìwẹ̀ dá ara wọn wò níbẹ̀.

Bí ìṣàn bá gbá ènìyàn mú, kí ó má ṣe bá a jà láti padà tààrà sí ilẹ̀, nítorí àárẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa á. Kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó bá etí òkun lọ ní ọgbọọgba, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìṣàn náà, kí ó tó wá kọrí sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré bẹ́ sínú omi láti gbà á. Kí ó ju okùn, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí ohunkóhun tó lè léfòó sí i, kí ó sì ké sí àwọn apẹja tó wà nítòsí, nítorí wọ́n mọ omi náà. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 tàbí 767. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìwà tó yẹ àlejò

Kí a má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ojúbọ tàbí kí a ya fọ́tò rẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí Zangbeto, eégún aṣọ́de àwọn Ògù, bá ń jáde lọ́jọ́ tí a dé, kí a béèrè lọ́wọ́ ará ìlú ibi tó yẹ kí a dúró sí. Kí a má ṣe ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìbéèrè, pàápàá àwọn apẹja àti ọmọdé.

Kí a má ṣe fi irin ẹrú sọ́rùn kí a máa rẹ́rìn-ín síwájú kámẹ́rà. Kí a má ṣe kọ orúkọ wa sára ògiri tàbí òpó. Kí a má ṣe gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀ fún ìrántí, ìbáà ṣe èkúfọ́ ìkòkò lásán.

Ọ̀rá àti ike omi tí a bá gbé lọ, kí a gbé e padà. Iyanrìn náà kì í ṣe ohun kíkó. Òkun ń jẹ etí ilẹ̀ wa díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, gbogbo iyanrìn tí a bá sì kó kúrò ní Gberefu ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí àwọn igi àgbọn ibẹ̀ bá wó tán, tí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sì wọmi, kò ní sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni yóò rìn mọ́. Kí a ra àgbọn, ẹja gbígbẹ àti ẹní lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, nítorí pé bí àlejò bá ń mú owó wọlé fún wọn, àwọn náà yóò rí ìdí láti dáàbò bo ilẹ̀ náà.

Bí a ṣe lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé

Àwọn olùkọ́ àti òbí a máa béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kí a mú lọ. Ọmọ tó bá ti lè ka ìwé ìtàn fúnra rẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n kí àgbà kan máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a sọ ohun tí yóò rí fún un kí ó tó dé ibi tí irin wà, kí ẹ̀rù má baà bà á lójijì.

Ìbéèrè tí gbogbo ọmọ máa ń béèrè ni pé, “Ta ló tà wọ́n?” Kí a má ṣe purọ́ fún un. Kí a sọ pé àwọn òyìnbó ra ènìyàn, àwọn ènìyàn wa sì tà wọ́n, àti pé ohun tí ẹni méjèèjì ṣe kò dára. Kí a tún sọ fún un pé àwọn tí wọ́n kó lọ kò parun. Wọ́n bímọ, wọ́n gbé èdè àti ìlù wọn lọ, títí di òní ni a sì ń gbọ́ oríkì òrìṣà Yorùbá ní Bahia àti ní Kúbà. Ọmọ tó bá gbọ́ apá méjèèjì ìtàn yìí kò ní kórìíra ara rẹ̀, kò sì ní kórìíra ẹlòmíràn.

Kí ọkọ̀ tó gbé wa padà

Ọjọ́ kan tó fún gbogbo èyí: òwúrọ̀ fún inú ìlú, ọ̀sán fún oúnjẹ àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìrọ̀lẹ́ fún Gberefu. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, oòrùn ti rọ̀ díẹ̀, ojú òkun a sì máa dán bí idẹ. Ìgbà náà ni ibẹ̀ lẹ́wà jù lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn gbádùn ẹwà rẹ̀, kí ó jókòó lábẹ́ igi àgbọn, kí ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i lára.

Ṣùgbọ́n nígbà tí awakọ̀ bá pe èrò, tí a sì tún ọ̀nà iyanrìn náà rìn padà sí ọ̀sà, kí olúkúlùkù kíyè sí i pé ẹsẹ̀ òun kọjú sí ilé. Ọ̀nà kan náà ni àwọn yẹn gbà lọ. Àwa ń gbà á bọ̀.